Bí Mo Ṣe Fa Ọwọ́ sí Ife Amọ̀ Méjìlá

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́ tó kọjá, obìnrin kan tí ó ń se tíì tà ní ìgboro Ìlọrin gbé iṣẹ́ ife amọ̀ méjìlá fún mi. Ó ní òun kò fẹ́ ife tí àwọn oníbàárà òun yóò máa fi aṣọ dì mú nígbà tí tíì bá gbóná. Ọwọ́ ni òun fẹ́ lára rẹ̀, ọwọ́ tí ìka mẹ́ta lè wọ̀ láìfún ara wọn. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí mo ti ń fi kẹ̀kẹ́ amọ̀kòkò mọ ife àti àwo, ṣùgbọ́n yíyí ni mo máa ń yí amọ̀ ọwọ́ wọn lórí pákó tẹ́lẹ̀, bí ẹni ń yí òwú fìtílà, wọ́n sì máa ń dà bí okùn tí ẹnì kan wá lẹ̀ mọ́ ife lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti parí. Mo pinnu pé fífà ni n óò fa ti ẹ̀ẹ̀kan yìí.

Fífà yàtọ̀ sí yíyí ní ti pé a kì í tẹ amọ̀ náà mọ́ ohunkóhun. Ìṣù amọ̀ kan ni a óò gbé dání, a óò fi ọwọ́ tó tutù sí omi fà á wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀ogún, títí yóò fi gùn, tí yóò sì tín-ín-rín. Ọ̀gá tó kọ́ mi ní kẹ̀kẹ́ gbà á lọ́wọ́ ẹnì kan tó kọ́ṣẹ́ ní Suleja, ìlú tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Abuja kí wọ́n tó fi orúkọ náà sọ olú-ìlú tuntun. Ibẹ̀ ni Michael Cardew, amọ̀kòkò ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó dé Nàìjíríà ní nǹkan bí 1950, ti dá ilé ìkọ́ṣẹ́ amọ̀ sílẹ̀. Ibẹ̀ náà ni òkìkí Ladi Kwali, obìnrin amọ̀kòkò ọmọ Gbagyi tí àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn owó náírà 20, ti kàn dé òkè òkun. Mo mẹ́nu bà á nítorí pé ìkòkò àti àmù tí àwọn ìyá wa ń mọ kì í sábà ní irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀. Ọrùn àti ètè wọn ni a fi ń gbé wọn. Nítorí náà, kò sí ohun tí mo lè jókòó wò nínú ilé tó lè kọ́ mi ní èyí.

Mo rẹ amọ̀, mo sẹ́ ẹ, mo sì po ó pẹ́. Èmi kì í fi pípò amọ̀ ọwọ́ ṣeré, nítorí afẹ́fẹ́ tó bá há sínú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ kéré bí hóró èwà, yóò wú bí eéwo nígbà tí a bá ń fà á, ibẹ̀ gan-an ni yóò sì ti já. Amọ̀ náà ní láti le díẹ̀ ju èyí tí a fi ń mọ ife lórí kẹ̀kẹ́ lọ. Bí ó bá rọ̀ jù, ìwúwo ara rẹ̀ ni yóò fà á já kí ẹni tó ń fà á tó ṣe tán.

Mo bu ìṣù bíi kílò kan, mo fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a títí ó fi rí bí kárọ́ọ̀tì ńlá. Mo fi ọwọ́ òsì di ibi tó nípọn mú, mo sì gbé e sókè kí ibi tó tín-ín-rín kọ́ sísàlẹ̀ lókè bọ́kẹ́ẹ̀tì omi. Mo ri ọwọ́ ọ̀tún bọ omi, mo fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ ṣe òrùka yí amọ̀ náà ká, mo sì fà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìdúró lójú ọ̀nà, bí àwọn Fúlàní ṣe ń fún wàrà lára màlúù. Lẹ́yìn fífà méjì tàbí mẹ́ta, mo tún ri ọwọ́ bọ omi, mo sì yí ìṣù náà padà kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè di iwájú, nítorí pé àtàǹpàkò lágbára ju ìka yòókù lọ, bí a kò bá sì yí i, ẹ̀gbẹ́ kan yóò tẹ́ ju èkejì.

Ohun tó ṣòro fún mi jù ni pé kí n má fún un. Ọkàn ẹni a máa sọ fún ẹni pé bí a bá fún un gírígírí, yóò tètè gùn. Irọ́ ni. Ibi tí a bá fún yóò tín-ín-rín bí ọrùn ìgò, nígbà tí a bá sì fà á lẹ́ẹ̀kan sí i, ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò já bọ́ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Mẹ́rin já bọ́ bẹ́ẹ̀ kí n tó rí ẹyọ kan fà dé ìparí. Omi ni ó yẹ kí ó ṣe iṣẹ́ náà. Kí ọwọ́ kàn máa tọ́ amọ̀ sọ́nà ni. Nígbà tí ó gùn tó, tí fífẹ̀ rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà méjì àbọ̀, tí nínípọn rẹ̀ kò sì ju mìlímítà méje lọ, mo fi àtàǹpàkò fa poro kan sí àárín rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Poro yìí kì í ṣe fún ẹwà nìkan, ibẹ̀ ni àtàǹpàkò ẹni tó bá ń mu tíì yóò sinmi lé.

Méjìlá àkọ́kọ́ ni mo fà tán lórí ìṣù lọ́tọ̀. Mo gé ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo fi wọ́n kọ́ etí pákó fún bí ìṣẹ́jú ogún kí wọ́n lè le díẹ̀, mo tẹ̀ wọ́n kọdọrọ, mo ha ojú ibi tí wọn yóò ti kan ife, mo fi amọ̀ olómi sí i, mo sì lẹ̀ wọ́n. Wọ́n dára lójú. Mo tilẹ̀ ya àwòrán wọn ránṣẹ́ sí oníbàárà mi, èyí tí mo kábàámọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ méjì, nígbà tí mo bá méje nínú wọn tí wọ́n ti sán ní ibi tí ọwọ́ ti kan ara ife lókè, ìlà tín-ín-rín kan tí ó yí gbòǹgbò ọwọ́ náà ká bí ẹni fi abẹ fa á.

Mo kó méjì nínú wọn lọ sí Dada ní Òkèlélé, níbi tí àwọn ìyá tí ń mọ ìkòkò pọ̀ sí, lọ́dọ̀ ìyá kan tí mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Wọn kì í lo kẹ̀kẹ́, wọn kì í sì í fa ọwọ́ sí ife, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kò sí ìkòkò tí wọ́n ń mọ tí kì í ní ojú ìsopọ̀: wọ́n a mọ ìdí rẹ̀ sórí ìkòkò mìíràn tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, wọ́n a jẹ́ kí ó gbẹ díẹ̀, kí wọ́n tó máa fi amọ̀ gbọọrọ kún un dé ọrùn. Mo kí wọn, mo sì gbé ife kalẹ̀. Wọ́n fi èékánná kan ara rẹ̀, wọ́n sì rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi, ara ife yìí ti sùn kí o tó gbé ọwọ́ rẹ̀ dé."

"Ìyá, mo ha á, mo sì fi amọ̀ olómi sí i."

"Mo rí i. Tútù ni a ń so mọ́ tútù."

Wọ́n wá fi ìdí ìkòkò kan hàn mí tí wọ́n fi àkísà tútù bo etí rẹ̀ yí ká, nígbà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti ń funfun. Etí yẹn ni wọn yóò kún lọ́jọ́ kejì, nítorí náà wọn kò jẹ́ kí ó gbẹ pẹ̀lú ìyókù.

Ọ̀rọ̀ náà yé mi. Amọ̀ a máa súnkì bí omi bá ti ń jáde lára rẹ̀. Láti tútù títí yóò fi jáde nínú iná, amọ̀ tí mo ń lò yóò fi nǹkan bí ìdá mẹ́wàá dín kù, apá tó pọ̀ nínú rẹ̀ ni yóò sì súnkì kí ó tó rí iná rárá. Ife mi ti súnkì púpọ̀ nínú ọyẹ́ náà kí n tó lẹ ọwọ́ mọ́ ọn. Ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú omi jáde wá ń súnkì nìkan, ife kò sì bá a lọ mọ́. Kò sí amọ̀ olómi tó lè parí ìjà yẹn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé bí a ṣe ń fa ọwọ́ kọ́ ni iṣẹ́ yìí ti le, bí kò ṣe mímọ wákàtí tí ife àti ọwọ́ jọ ní omi kan náà lára.

Mo da àwọn ife tí kò tíì rí iná náà padà sínú omi kí amọ̀ wọn lè wúlò, mo sì mọ méjìlá mìíràn, gíráàmù 420 amọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìrọ̀lẹ́ ni mo mọ wọ́n, mo sì fi ọ̀rá bò wọ́n mọ́jú. Lówùúrọ̀, mo fá ìdí wọn, mo sì ń fi ìka tẹ̀ wọ́n wò ní gbogbo ìdajì wákàtí. Ìwọ̀n tí mo ń wá ni ti wàrà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dì dáadáa: ọ̀bẹ ń gé e láìfọ́, ìka ń sàmì sí i, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kì í wọ́ bí a bá gbé e. Kété tí ọ̀kan bá ti dé ibẹ̀, mo mú un.

Lẹ́ẹ̀kejì yìí n kò fa ọwọ́ lọ́tọ̀ mọ́. Mo bu kùkùté amọ̀ kékeré tó nípọn bí àtàǹpàkò méjì, mo ha ojú rẹ̀ àti ojú ife pẹ̀lú fọ́ọ̀kì, mo fi amọ̀ olómi kun méjèèjì, mo sì tẹ kùkùté náà mọ́ ara ife ní ìwọ̀n ìka kan sí ìsàlẹ̀ ètè rẹ̀. Mo fi ìka méjì ti ara ife láti inú bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ láti ìta. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ yóò rí i pé ẹnu ife ti di ẹyin. Mo fi àtàǹpàkò pa ojú ìsopọ̀ náà pọ̀ yí ká títí n kò fi rí ààlà mọ́. Lẹ́yìn náà mo dá ife dùbúlẹ̀ lórí àtẹ́lẹwọ́ òsì, kí kùkùté náà lè kọ́ sísàlẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà á níbi tó wà, lára ife fúnra rẹ̀. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí ọwọ́ náà ń yọ bí ẹ̀ka ṣe ń yọ lára igi: ó nípọn ní gbòǹgbò, ó sì ń tín-ín-rín bí ó ṣe ń lọ. Àǹfààní mìíràn ni pé bí ìsopọ̀ kò bá dára, fífà náà ni yóò tú u ká lójú ẹsẹ̀, kò níí dúró di ọjọ́ kẹta kí ó tó dójú ti ẹni. Ọ̀kan tú bẹ́ẹ̀, mo sì tún un ṣe.

Nígbà tó gùn tó, mo gbé ife dìde. Ọwọ́ náà tẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ọrùn lékeléke, mo sì kàn fi ìka tọ́ ọ dé ìsàlẹ̀ ni. Mo fi ìka mi mẹ́ta bọ inú àlàfo rẹ̀ wò. Mo fi àyè díẹ̀ kún un, nítorí iná yóò gba nínú rẹ̀. Mo gé ìrù rẹ̀, mo ha á, mo sì fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ife lókè ìdí díẹ̀. Àpá àtàǹpàkò yẹn ni mo fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo wo ọ̀kọ̀ọ̀kan láti òkè bóyá ọwọ́ náà tọ́ láti gbòǹgbò dé ìrù, nítorí ọwọ́ tó bá ya sí ẹ̀gbẹ́ kan yóò máa da tíì sí ẹni lára.

Ọyẹ́ ni mo wá dojú kọ. Ọwọ́ kéré, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ yí i ká, nítorí náà yóò gbẹ ṣáájú ara ife bí a bá fi í sílẹ̀, tí yóò sì tún sán láti apá kejì. Mo gé ọ̀rá píọ̀ wọ́tà sí wẹ́wẹ́, mo fi wé ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, mo wá fi ọ̀rá ńlá bo gbogbo wọn fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin mo ṣí ọ̀rá ńlá díẹ̀; ọ̀rá ọwọ́ ni mo yọ kẹ́yìn. Ọjọ́ mẹ́jọ kọjá kí n tó gbà pé gbòǹgbò ọwọ́, ibi tí amọ̀ ti nípọn jù, ti gbẹ: mo máa ń fi í kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, bí ó bá ṣì tutù lára, omi ṣì wà nínú rẹ̀. Omi yẹn bí ó bá wọ iná, yóò di ooru omi, yóò sì fọ́ ife.

Ìgbà méjì ni wọ́n wọ ààrò gáàsì. Iná àkọ́kọ́ dé nǹkan bí 1,000 ní ìwọ̀n Celsius, mo sì jẹ́ kí ó jó pẹ̀lẹ́ ní wákàtí mẹ́ta àkọ́kọ́. Mo wá ri wọ́n bọ gíléèsì, omi ìkunra tó ń di dígí lára amọ̀ nínú iná, kí wọ́n tó tún padà sínú iná tó ju ti àkọ́kọ́ lọ. Gíléèsì náà ṣàn kúrò ní etí ọwọ́, ó sì dúró sínú poro, tí poro náà fi dúdú ju ìyókù lọ. N kò pète rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò kọ̀ ọ́.

Mo da omi gbígbóná kún ọ̀kọ̀ọ̀kan dé etí, mo sì fi ìka mẹ́ta gbé e sókè lókè pákó fún ìṣẹ́jú kan. Mọ́kànlá yege. Ìkejìlá ní ìlà kan bí irun lábẹ́ gbòǹgbò ọwọ́, n kò sì lè fi fún ẹni tí yóò gbé tíì gbígbóná fún oníbàárà, nítorí náà mo mọ òmíràn dípò rẹ̀. Èyí tó sán náà wà lórí tábìlì mi, bírò àti fọ́ọ̀kì tí mo fi ń ha amọ̀ ni ó ń gbé.