Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nídìí Fífa Ìlà Pápá Bésíbọ́ọ̀lù, àti Òfin Tó Wà Lẹ́yìn Ìlà Náà

Bí ilé ìwé kan ní Kábà, Mọ̀pà tàbí Ìsánlú bá fẹ́ ṣe bésíbọ́ọ̀lù, pápá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń yá lò, ẹni tó ń fa ìlà ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ náà ni wọ́n á sì gbé ẹfun lé lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Nínú eré yìí, ibi tí a fi ẹnu tépù sí ti dá ẹjọ́ ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀lù kí ọ̀mpáyà, adájọ́ eré, tó la ẹnu.

Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n láti iwájú hóòmù. Hóòmù ni rọ́bà funfun onígun márùn-ún tí alubọ́ọ̀lù ń dúró tì; fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 17, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 43. Ṣóńṣó tó kọjú sí amúbọ́ọ̀lù lẹ́yìn ni gbogbo ìwọ̀n ti ń bẹ̀rẹ̀. Láti ṣóńṣó yẹn dé béèsì kìíní, àpò àkọ́kọ́ tí ẹni tó lu bọ́ọ̀lù ń sáré lọ tẹ̀, jẹ́ mítà 27.43 (ẹsẹ̀ bàtà 90), bẹ́ẹ̀ náà ni ti béèsì kẹta. Iwájú rọ́bà tí ajubọ́ọ̀lù ń tẹ̀ sì jìnnà sí ṣóńṣó náà ní mítà 18.44. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti iwájú hóòmù ti sún gbogbo pápá síwájú ní sẹ̀ǹtímítà 43 láìmọ̀.

Àṣìṣe tó tẹ̀ lé e ni ti àpò béèsì. Wọ́n á wọn mítà 27.43, wọ́n á kan èèkàn, wọ́n á wá gbé àpò sí ẹ̀yìn èèkàn. Òdìkejì ló yẹ kí ó jẹ́: ẹ̀yìn àpò béèsì kìíní àti ìkẹta ni ìwọ̀n náà ń parí sí. Àpò tí a mọ̀ látijọ́ jẹ́ ínǹṣì 15 ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Èyí tí líìgì MLB ní Amẹ́ríkà ń lò láti 2023 jẹ́ 18. Ẹni tó bá gbé e sẹ́yìn àmì ti fi sẹ̀ǹtímítà 38 tàbí 46 kún ọ̀nà ẹni tó ń sáré, nínú eré tí ìdajì ìṣísẹ̀ lè sọ ènìyàn di áòtù, ẹni tí wọ́n yọ kúrò lójú eré fún ìgbà yẹn. Béèsì kejì kò tẹ̀ lé ìlànà yìí nínú ìwé òfin tí ọ̀pọ̀ ń lò: àárín àpò rẹ̀ ló ń bọ́ sórí àmì.

Igun ńkọ́? Ẹ má fojú díwọ̀n rẹ̀, ẹ má sì fi ti igun pápá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ṣe é. Ẹ kan èèkàn sí ṣóńṣó hóòmù, kí ẹ na tépù gba àárín pápá lọ sí mítà 38.79, kí ẹ kan èèkàn béèsì kejì síbẹ̀. Kí ẹnì kan wá di tépù mú ní hóòmù, kí ẹlòmíràn di òmíràn mú ní béèsì kejì. Ibi tí mítà 27.43 ti àwọn méjèèjì ti pàdé lápá ọ̀tún ni béèsì kìíní, lápá òsì ni ìkẹta. Ẹ wá wọn béèsì kìíní sí ìkẹta. Bí kò bá jẹ́ mítà 38.79 náà, èèkàn kan ti yẹ̀ nìyẹn. Ẹ má lo okùn ọ̀rá dípò tépù, torí ó máa ń nà bí wọ́n bá ti fà á, pàápàá lọ́sàn-án gangan.

Kí ẹ tó kan èèkàn kankan rárá, ẹ wo ibi tí oòrùn ń wọ̀ sí. Ohun tí ìwé òfin dámọ̀ràn ni pé kí ìlà láti hóòmù gba ọ̀dọ̀ ajubọ́ọ̀lù lọ sí béèsì kejì kọjú sí àárín ìlà-oòrùn àti àríwá ìlà-oòrùn. Kọ́ńpáàsì orí fóònù á fi hàn ní nǹkan bíi digirí 67. Eré aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Bí hóòmù bá kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, alubọ́ọ̀lù ò ní rí bọ́ọ̀lù tó ń bọ̀ wá bá a lójú, eléyìí sì kọjá ọ̀rọ̀ gbígba máàkì, ewu ni.

Nípa ẹfun fúnra rẹ̀: òfin ní kí ó jẹ́ ohun funfun tí kì í ṣe májèlé, tí kì í sì í jó ara. Ẹ má ṣe lo láìmù tí wọ́n fi ń kun ògiri. Àwọn eléré á dùbúlẹ̀ yọ̀ wọ béèsì, òógùn á pàdé láìmù lára wọn, awọ á bó; bí ó bá wọ ojú, ọ̀ràn ilé ìwòsàn ni. Àwọn kan máa ń bu omi sí i láti mọ̀ bóyá yóò gbóná. Ìdánwò yẹn ò tó, nítorí láìmù tí wọ́n ti fi omi pa kì í gbóná mọ́, síbẹ̀ ó ń jó ara. Ẹ wo ara àpò: bí wọ́n bá kọ “hydrated lime”, ẹ fi sílẹ̀, “calcium carbonate” ni ẹ ń wá. Òkúta ẹfun àti mábù tí wọ́n ń wà ní Jakura àti Obajana ní ilẹ̀ Ọ̀wọ́rọ̀ níbí, calcium carbonate ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, nítorí náà ìyẹ̀fun òkúta tí wọ́n lọ̀ kúnná láìsun ún dára. Eérú kò dára: bí ó bá rin, òun náà ń jó ara, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ á sì ti gbé e lọ kí eré tó dé ìdajì. Sìmẹ́ǹtì ò tilẹ̀ yẹ ní ohun tí à ń dárúkọ.

Ìlà fáòlù ni ìlà méjì tó ti hóòmù gba ẹ̀gbẹ́ béèsì kìíní àti ìkẹta lọ sẹ́yìn pápá; bọ́ọ̀lù tó bá bọ́ sóde wọn ni fáòlù. Nígbà tí ẹ bá ń fà á, etí òde ni kí okùn wà, kí ẹfun sì bọ́ sí apá inú rẹ̀, kí etí òde ìlà bá etí òde àpò béèsì mu. Ìdí rẹ̀ ni pé ìlà fáòlù, láìka orúkọ rẹ̀ sí, inú pápá ló wà. Bọ́ọ̀lù tó bà lórí rẹ̀ kì í ṣe fáòlù. Òpó fáòlù tó wà lẹ́yìn pápá náà ńkọ́? Inú pápá lòun náà. Ìlà ọ̀hún kì í gba inú àpótí alubọ́ọ̀lù, ibi tí a fi ẹfun yí ká fún un láti dúró sí, kọjá, òde àpótí ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Bóyá ìyẹn ló mú kí àwọn ènìyàn rò pé bọ́ọ̀lù tó bá ba hóòmù ti di fáòlù. Irọ́ ni. Inú pápá ni hóòmù wà látòkè délẹ̀. Bọ́ọ̀lù tó bà á tó sì dúró síbẹ̀, kí amúbọ́ọ̀lù yára he é kí ó sì jù ú sí béèsì kìíní.

Àṣìṣe mìíràn ni wíwo ẹsẹ̀ ẹni tó mú bọ́ọ̀lù láti mọ̀ bóyá fáòlù ni. Ibi tí bọ́ọ̀lù wà nígbà tí ọwọ́ kàn án ni à ń wò. Ẹni tó dúró síta tó na ọwọ́ wọ inú, inú ni bọ́ọ̀lù náà.

Èyí tó máa ń fa àríyànjiyàn jù ni ti rọ́bà ajubọ́ọ̀lù. Bí bọ́ọ̀lù tí wọ́n lù bá gbá rọ́bà yẹn, tó ta padà, tó sì gba àárín hóòmù àti béèsì kìíní tàbí ìkẹta jáde kí eléré kankan tó fọwọ́ kàn án, fáòlù ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àárín gbùngbùn pápá ló ti bà. Òfin ka rọ́bà sí ilẹ̀ lásán. Ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀lù bá gbá àpò béèsì kìíní tàbí ìkẹta, ẹjọ́ ti parí: inú ni, ibi yòówù kó ta sí. Ìdí nìyí tí àpò tó yọ síta ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá fi lè gba bọ́ọ̀lù tó yẹ kó jẹ́ fáòlù, kí ó sì sọ ọ́ di rere.

Òkìtì ajubọ́ọ̀lù kì í kọjá ínǹṣì 10 (sẹ̀ǹtímítà 25.4) sókè ju hóòmù lọ, 15 ni kí wọ́n tó dín in kù ní 1969. Ẹ má kó yanrìn jọ síbẹ̀. Ilẹ̀ ògán tí wọ́n fọ́, tí wọ́n rin, tí wọ́n sì gún mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ló ń dúró lójú òjò. Láti ínǹṣì 6 síwájú rọ́bà, kí ó máa lọ sílẹ̀ ní ínǹṣì kan fún ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi okùn àti lẹ́fẹ̀lì bíríkìlà wọ̀n ọ́n.

Àpótí alubọ́ọ̀lù jẹ́ mítà 1.22 ní fífẹ̀ àti 1.83 ní gígùn, láti etí òde sí etí òde, nítorí ìlà rẹ̀ jẹ́ ara àpótí. Sẹ̀ǹtímítà 15 ló wà láàárín rẹ̀ àti hóòmù. Àárín gígùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe déédéé pẹ̀lú àárín hóòmù. Kì í ṣe pẹ̀lú ṣóńṣó. Ẹni tó bá fi ti ṣóńṣó ṣe é ti fa àpótí sẹ́yìn ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 22. Ẹ kan férémù pákó kan, ẹ ó máa lò ó títí. Òfin tó so mọ́ ọn ni pé bí alubọ́ọ̀lù bá lu bọ́ọ̀lù nígbà tí odindi ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà nílẹ̀ lóde ìlà, áòtù ni, kódà bí bọ́ọ̀lù náà bá jẹ́ fáòlù. Bí díẹ̀ lára ẹsẹ̀ náà bá ṣì kan ìlà, tàbí bí ẹsẹ̀ bá wà lófuurufú, kò sí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ ò wá rí i pé bí ìlà bá ti parẹ́, kò sẹ́ni tó lè dá ẹjọ́ yìí. Ẹ tún un fà láàárín eré.

Ìlà kejì tó wà lọ́nà béèsì kìíní, tó ń bẹ̀rẹ̀ níbi tó fi mítà 13.72 jìnnà sí hóòmù, tó sì jìnnà sí ìlà fáòlù ní sẹ̀ǹtímítà 91, òde ni a ń fà á sí. Àwọn kan ń fà á sínú. Ẹni tó ń sáré lọ sí béèsì kìíní gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ méjèèjì sí àárín ìlà méjèèjì tàbí lórí wọn, ó sì lè yà ní ìṣísẹ̀ ìkẹyìn láti tẹ béèsì. Ṣùgbọ́n yíyà lásán kì í sọ ọ́ di áòtù. Àfi bí ó bá dí ẹni tó fẹ́ gba bọ́ọ̀lù ní béèsì lọ́wọ́. Ní 2024, MLB fi ilẹ̀ tó wà láàárín ìlà fáòlù àti koríko inú pápá kún ọ̀nà yìí. Lórí pápá tí kò ní etí koríko, bíi ti ọ̀pọ̀ ilé ìwé wa, ẹ dúró lórí ìlà méjèèjì.

Láàárín béèsì kìíní àti ìkejì, kejì àti ìkẹta, ẹ má fa ìlà kankan. Nígbà tí ẹni tó mú bọ́ọ̀lù bá fẹ́ fọwọ́ kan asáré ni ọ̀nà asáré náà tó bẹ̀rẹ̀, láti ibi tó wà tààrà sí béèsì, pẹ̀lú ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ́tùn-ún lósì. Bí ẹ bá fa ìlà síbẹ̀, olùkọ́ ẹgbẹ́ kejì á fi ìka tọ́ka sí i, á ní asáré ti kúrò lọ́nà.