Bí ẹ ṣe máa lo oògùn ọgbẹ́ inú àti ásíìdì tó pọ̀ jù, kó lè ṣiṣẹ́ dáadáa

Kí ẹ tó ra oògùn ọgbẹ́ inú kankan, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ́kọ́ wádìí ohun tó dá ọgbẹ́ yẹn sílẹ̀ ná. Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń mu oògùn ásíìdì láti ọdún dé ọdún, inú á rọlẹ̀ fún wọn díẹ̀, tí wọ́n bá ti dáwọ́ dúró ó tún ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, nígbà tó jẹ́ pé ohun tó fà á ṣì wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn án.

Nǹkan méjì ló sábà máa ń fà á. Ọ̀kan ni kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Helicobacter pylori, inú àpòlúkù ló ń gbé. Èkejì ni oògùn ara ríro, àwọn bí ibuprofen, diclofenac, naproxen àti aspirin. Oúnjẹ títa àti ìrònú lè mú kó máa dunni sí i lóòótọ́, àmọ́ àwọn kọ́ ló sábà ń dá egbò náà sílẹ̀. Àwọn dókítà gan-an rò tẹ́lẹ̀ pé ásíìdì àti ìrònú ni gbogbo ẹ̀, àfi ìgbà tí dókítà méjì ní Ọsirélíà, Barry Marshall àti Robin Warren, ṣàwárí kòkòrò yìí, Marshall tiẹ̀ gbé e mu fúnra ẹ̀ lọ́dún 1984 kí wọ́n lè gbà pé ó ń ṣe inú léṣe, nígbà tó di 2005 wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel lórí ẹ̀.

Torí náà, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò. Wọ́n lè fi èémí yín yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì lè fi ìgbẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, méjèèjì dáa. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé tẹ́ ẹ bá ń mu omeprazole, ìyẹn ọ̀kan lára oògùn tó ń dín ásíìdì inú kù, tàbí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ́wọ́, kòkòrò náà lè fara pamọ́ kí àyẹ̀wò sọ pé kò sí, ó yẹ kẹ́ ẹ ti dá omeprazole dúró fún ọ̀sẹ̀ 2, kẹ́ ẹ má sì tíì mu antibáyótíìkì (oògùn tó ń pa kòkòrò) kankan fún ọ̀sẹ̀ 4 kẹ́ ẹ tó ṣe é. Ẹ kọ́kọ́ bá dókítà yín sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó dá a dúró o.

Tó bá jẹ́ kòkòrò ni, oògùn kan ṣoṣo ò lè pa á. Wọ́n máa ń da oògùn ásíìdì pọ̀ mọ́ antibáyótíìkì méjì, irú bí amoxicillin àti clarithromycin, tàbí kí wọ́n lo tetracycline, metronidazole àti bismuth pa pọ̀ mọ́ ọn, ó sábà máa ń tó ọjọ́ 14. Tí amoxicillin tàbí oògùn penicillin èyíkéyìí bá ti bá ara yín jà rí, ẹ tètè sọ kí wọ́n tó kọ oògùn fún yín. Metronidazole máa ń mú kí ẹnu korò, kẹ́ ẹ má sì fi ọtí kàn án rárá. Bismuth máa ń sọ ahọ́n àti ìgbẹ́ di dúdú, tẹ́ ẹ bá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ àyà yín ò ní já. Aboyún àti ọmọdé ò gbọ́dọ̀ lo tetracycline. Ẹ lò ó parí, mo bẹ̀ yín, ká tiẹ̀ ní inú ti rọ̀ yín lọ́jọ́ kẹrin, torí kòkòrò tó bá ṣẹ́ kù níbẹ̀ máa ń kọ́ bó ṣe máa borí oògùn yẹn nígbà míì.

Tó bá jẹ́ oògùn ara ríro ló fà á, ẹ dá a dúró, ẹ bi apoògùn bóyá paracetamol lè rọ́pò ẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé torí ọkàn ni wọ́n ṣe fún yín ní aspirin, ẹ má fúnra yín dá a dúró o, dókítà ló máa sọ.

Ó wá ku bẹ́ ẹ ṣe máa lo oògùn ásíìdì fúnra ẹ̀, ibí gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í lò. Àwọn tí orúkọ wọn parí sí "prazole", bí omeprazole, esomeprazole, lansoprazole, pantoprazole àti rabeprazole, àwọn ló lágbára jù. Wọ́n máa ń ti pọ́ọ̀mpù tó ń tú ásíìdì jáde nínú àpòlúkù pa. Oúnjẹ ló máa ń jí pọ́ọ̀mpù yìí dìde, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kẹ́ ẹ mu ún ní ìṣẹ́jú 30 sí wákàtí 1 kẹ́ ẹ tó jẹun, àárọ̀ ló dáa jù. Ẹni tó bá jẹun yó tán tó wá gbé e mì ò lè jẹ àǹfààní ẹ̀ tán. Ẹ má jẹ ẹ́ lẹ́nu, ẹ má lọ̀ ọ́, ẹ gbé e mì lódindi, torí ásíìdì inú máa ba oògùn náà jẹ́ kó tó dé ìfun. Ẹ má sì rò pé lọ́jọ́ kan náà lára máa tù yín, ó máa ń gba ọjọ́ bíi mélòó kan. Egbò orí ìfun máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ 4, ti àpòlúkù lè tó ọ̀sẹ̀ 8.

Ẹni tó ń lo clopidogrel, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kó sọ fún dókítà, torí omeprazole lè dín agbára ẹ̀ kù. Tẹ́ ẹ bá sì ti ń lo àwọn "prazole" yìí bọ̀ láti ọdún pípẹ́, ó lè dín fítámìn B12 àti magnesium kù lára, torí náà kí dókítà máa yẹ̀ yín wò. Tẹ́ ẹ bá dá a dúró lójijì lẹ́yìn tó ti pẹ́, ásíìdì lè tún ru sókè fún ìgbà díẹ̀, àyà á máa ta yín, kì í ṣe pé egbò ti padà dé ni, ẹ ní kí dókítà bá yín dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Famotidine àti cimetidine ò lágbára tó yẹn, wọ́n dáa fún ẹni tí inú ń dà láàmú lóru. Cimetidine máa ń bá warfarin (oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì), phenytoin (ti wárápá) àti theophylline (ti ikọ́ fée) jà. Ranitidine ní tiẹ̀, Amẹ́ríkà ní kí wọ́n kó o kúrò lọ́jà lọ́dún 2020 torí ohun kan tí wọ́n rí nínú ẹ̀ tó lè fa jẹjẹrẹ. Ti oògùn olómi funfun, ìṣẹ́jú díẹ̀ lara á fi tuni, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ lọ, kì í sì í wo egbò sàn. Èyí tó ní magnesium lè mú kí èèyàn máa yàgbẹ́ gbuuru, èyí tó ní aluminium máa ń mú kí ìgbẹ́ le, ẹni tí kíndìnrín ń ṣe kó ṣọ́ra fún méjèèjì. Ẹ fi wákàtí 2 ya á sọ́tọ̀ kúrò lára oògùn míì. Misoprostol máa ń dáàbò bo inú, àmọ́ ó lè ba oyún jẹ́.

Tẹ́ ẹ bá bì ẹ̀jẹ̀, tí ìgbẹ́ dúdú tó sì ń lẹ̀ bí ọ̀dà, tí inú ṣàdédé le gbandi pẹ̀lú ìrora, ọsíbítù lẹ máa lọ lójú ẹsẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń rù láìnídìí tàbí tí oúnjẹ ń há yín lọ́fun, ìyẹn náà ò gbọ́dọ̀ pẹ́ kẹ́ ẹ tó rí dókítà.

Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti parí oògùn kòkòrò, ẹ jẹ́ kó tó ọ̀sẹ̀ 4, kẹ́ ẹ wá padà lọ ṣe àyẹ̀wò èémí tàbí ti ìgbẹ́ yẹn. Tó bá ṣì wà níbẹ̀, wọ́n sábà máa ń yan antibáyótíìkì míì tó yàtọ̀ sí èyí tẹ́ ẹ lò tẹ́lẹ̀.