Bí A Ṣe Lè Ṣètò Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Lórí Ìtọ́jú àti Títa Àgbàdo àti Ẹ̀wà ní Agbègbè Àkúrẹ́

Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tàbí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó bá fẹ́ kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ ìtọ́jú àgbàdo lẹ́yìn ìkórè gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú àsìkò tó yẹ, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ irú ètò bẹ́ẹ̀ ti ń kùnà. Bí a bá ṣe é nígbà ọyẹ́, ohunkóhun tí a bá sá ni yóò gbẹ, akẹ́kọ̀ọ́ kò sì ní rí ohun tuntun kọ́. Àgbàdo àkọ́kọ́ lágbègbè Àkúrẹ́ máa ń gbó ní nǹkan bí oṣù Keje sí oṣù Kẹjọ, nígbà tí òjò ṣì ń rọ̀ tí oòrùn kò sì dájú. Ìgbà náà gan-an ni kí a pe ìdánilẹ́kọ̀ọ́, kí olúkúlùkù sì gbé àgbàdo tirẹ̀ dání. Mo mọ̀ pé ó rọrùn láti kó èèyàn jọ sí gbọ̀ngàn kan ní Alágbàká, kí a fún wọn ní ìrẹsì àti ìwé-ẹ̀rí, ṣùgbọ́n àgbàdo kì í gbẹ nínú gbọ̀ngàn.

Àwọn tí yóò kọ́ni kò jìnnà. Ẹ lè kọ̀wé sí ADP Ìpínlẹ̀ Òǹdó, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń kọ́ àwọn àgbẹ̀, sí FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀, tàbí sí Federal College of Agriculture, tí gbogbo wọn wà ní Àkúrẹ́ níbí. NSPRI (Nigerian Stored Products Research Institute) tó wà ní Ìlọrin ni ìjọba dá sílẹ̀ fún ìwádìí lórí ìpamọ́ irè oko. Kí lẹ́tà náà sọ ní pàtó pé sísá, dídì àti títa ni ẹ fẹ́ kọ́, kí wọ́n má baà wá sọ̀rọ̀ nípa ajílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ sísá ni kó gba àkókò jù. Àgbàdo tí a óò tọ́jú pẹ́ kò gbọdọ̀ ní ọ̀rinrin tó ju ìdá 13 nínú 100 lọ. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀, yóò bu, irú èbu kan yóò sì pèsè májèlé tí wọ́n ń pè ní aflatoxin, tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, tí sísè kò sì lè mú kúrò. Ẹ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sá àgbàdo wọn sórí tapólì tàbí orí pèpéle, kì í ṣe etí títì ọ̀dà tí iyanrìn àti ìgbẹ́ ewúrẹ́ wà, kí wọ́n tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí wọ́n máa rò ó, kí wọ́n sì bò ó kí òjò tó dé.

Láti mọ̀ bóyá ó ti ń gbẹ, ẹ yan iyọ̀ díẹ̀ nínú agbada títí yóò fi gbẹ, kí ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ da ṣíbí ńlá méjì rẹ̀ sínú ìgò gbígbẹ tó mọ́ kedere, ẹ da àgbàdo sí i dé ìdá kan nínú mẹ́ta ìgò náà, ẹ dé e, ẹ mì ín dáadáa, kí ẹ sì gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, ọ̀rinrin rẹ̀ ṣì ju ìdá 15 lọ, ó sì gbọ́dọ̀ padà sínú oòrùn. Bí kò bá lẹ̀, ẹ má tíì yọ̀, nítorí 15 kọ́ ni 13. Ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ọ̀rinrin ni yóò parí iyèméjì yìí, ẹgbẹ́ kan sì lè dáwó ra ẹyọ kan.

Fún ìpamọ́, ẹ kọ́ wọn ní lílo àpò PICS, tó ní ọ̀rá méjì nínú àti àpò híhun kan lóde, tí a sì ń so ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Afẹ́fẹ́ yóò tán nínú rẹ̀, kòkòrò yóò kú láìsí oògùn. Ẹ̀wà ni èyí ṣe pàtàkì fún jù. Nítorí oògùn apakòkòrò DDVP tí wọ́n bá lára ẹ̀wà ni àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù fi dá ẹ̀wà Nàìjíríà dúró ní ọdún 2015.

Ní ti títa, ẹ gbé ìwọ̀n gidi wá, torí kóńgò tí wọ́n ti lù nídìí kò lè kọ́ ẹnikẹ́ni ní ìṣirò. Àpò kìlógírámù 100 tí ọ̀rinrin rẹ̀ jẹ́ ìdá 20, bí a bá sá a di 13, yóò ṣẹ́kù nǹkan bíi kìlógírámù 92. Nítorí náà, oníbàárà tó yọ kìlógírámù 8 lórí àpò tútù kò rẹ́ wa jẹ, ẹni tó yọ 15 ni kí a bi léèrè. Bákan náà, bí owó kìlógírámù gbígbẹ kò bá fi nǹkan bí ìdá 9 nínú 100 ju ti tútù lọ, ẹni tó fẹ́ tà lójú ẹsẹ̀ kò jèrè sísá rẹ̀, ìyẹn láì tíì ka owó iṣẹ́. Ẹ pe alájàpá kan láti ọjà Ògbẹ̀sẹ̀, ìyá ológì kan, àti ẹni tó ń lọ oúnjẹ adìyẹ, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbé ọwọ́ sí àgbàdo àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kí ó sì sọ èyí tí kò ní rà àti ìdí rẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ pe gbogbo wọn padà. Ẹ tú àpò tí wọ́n dì lójú ara wọn, ẹ gbóòórùn rẹ̀, ẹ ka iye hóró tí kòkòrò ti lu nínú 100, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹni tó dì í.