Àwọn àṣìṣe tó ń jẹ owó fóònù ẹni tó ń ti Nàìjíríà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù

Àwọn ìyá wa tó ń lọ bá ọmọ wọn wẹ ọmọ tuntun ní Lọ́ńdọ̀nù máa ń fara balẹ̀ di èlùbọ́, gàrí àti ẹja gbígbẹ, ṣùgbọ́n fóònù ni wọ́n máa ń jù sínú báàgì láìwò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ń dùn mí, torí nílé níbí ló yẹ ká ti tún ọ̀pọ̀ nǹkan ṣe.

Ẹ má ṣe fi dátà láìnì Nàìjíríà yín sílẹ̀ ní ṣíṣí. Bí bàálù bá ti balẹ̀ ní Heathrow tí fóònù sì rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, fídíò inú ẹgbẹ́ WhatsApp á máa rọ́ wọlé, àwòrán á máa lọ sórí Google Photos, áàpù á máa tún ara wọn ṣe. Ẹ ò tíì tẹ nǹkan kan, owó ti lọ. Inú Settings ni ẹ ti máa pa data roaming, ìyẹn dátà tí láìnì ilé ń lò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì òkè òkun, kí ẹ sì pa á kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ẹni tó wà lórí roaming máa ń sanwó ìpè tó bá gbé, bí ẹlòmíràn tilẹ̀ ló pè é. Bí àǹtí yín bá pè láti Ìbàdàn láti béèrè bóyá ẹ ti gúnlẹ̀, ẹ jẹ́ kó dún tán, kí ẹ wá fi WhatsApp pè wọ́n padà lórí Wi-Fi.

Ìbẹ̀rù owó yìí ló ń mú kí àwọn kan yọ síìmù Nàìjíríà kúrò pátápátá. Èyí ló burú jù lójú tèmi. Orí nọ́ńbà yẹn ni báńkì ń fi OTP, nọ́ńbà àṣírí tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan péré, ránṣẹ́ sí. Òun ló so mọ́ NIN àti BVN yín. Lábẹ́ òfin NCC, àjọ tó ń mójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù ní Nàìjíríà, láìnì tí a kò lò fún oṣù mẹ́fà, wọ́n lè tì í. Bó bá tún fi oṣù mẹ́fà mìíràn wà bẹ́ẹ̀, ó lè di ti ẹlòmíràn. Ẹ wo ewu tó wà níbẹ̀: àjèjì ni báńkì yín á máa fi OTP ránṣẹ́ sí. Ẹ fi síìmù náà sí ojú kan nínú fóònù, kí ti Gẹ̀ẹ́sì wà ní ojú kejì, kí ẹ sì máa fi ti Nàìjíríà tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ kan ránṣẹ́ lóòrèkóòrè. Kí ẹ tó gbéra, ẹ pe 300 láti béèrè bóyá láìnì yín ń ṣiṣẹ́ lókè òkun.

WhatsApp á béèrè bóyá ẹ fẹ́ pààrọ̀ nọ́ńbà. Ẹ má gbà. Nọ́ńbà Nàìjíríà á máa ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ bó ti wà.

Ẹ má ṣe kánjú ra síìmù ní pápákọ̀ òfurufú. Ní Gẹ̀ẹ́sì, wọn kì í béèrè NIN tàbí ìwé ìdánimọ̀ fún síìmù asanwó-kó-o-tó-lò, ọ̀fẹ́ sì ni àwọn ilé-iṣẹ́ bíi giffgaff àti Lebara fi ń ránṣẹ́ sílé. Ọmọ yín lè gbà á sílẹ̀ dè yín. Bí ẹ bá fi káàdì san ti oṣù kan, ẹ rí i pé ẹ pa auto-renew, ètò tó ń tún owó san fúnra rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á máa yọ owó lẹ́yìn tí ẹ bá ti padà sílé. Ẹni tó wá fún oṣù mẹ́ta kò ní ohun tó fẹ́ fi àdéhùn oṣù 24 ṣe.

Ẹ yẹ fóònù náà wò pẹ̀lú. iPhone 14 tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà kò ní ojú síìmù rárá, eSIM nìkan, ìyẹn síìmù tí a kì í fi ọwọ́ kì bọ̀ ọ́, ló ń gbà. Tokunbo tó ṣì wà lábẹ́ títì ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà kò ní gba síìmù Gẹ̀ẹ́sì.

Nọ́ńbà tí ẹ fi 0803 tọ́jú kò ní wọlé láti ibẹ̀. Ẹ yí i sí +234803, kí ẹ yọ òdo iwájú.

Bí ẹ bá sì fẹ́ yà sí Paris, ẹ má rò pé síìmù Lọ́ńdọ̀nù á ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè European Union fòpin sí owó roaming láàárín ara wọn ní oṣù kẹfà ọdún 2017, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ti jáde. Láti ọdún 2022 ni EE, Vodafone àti Three ti dá owó náà padà fún ọ̀pọ̀ oníbàárà wọn. Ẹ béèrè iye rẹ̀ kí ẹ tó wọ ọkọ̀ ojú irin.