Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí iná mọ́tò fi tàn mí jẹ

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ṣòfò nítorí iná tí ojú kò lè rí. Ó ṣì ń dùn mí.

Lábù wa ní Ìlú Ọba, lésà aláwọ̀ àlùkò, tí gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 405 nm, la máa ń tàn wọ inú kírísítà kan tí wọ́n ń pè ní BBO. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, fótóònù kan, ìyẹn ẹyọ ìmọ́lẹ̀ tó kéré jù lọ, a pín sí méjì, 810 nm ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìbejì ni wọ́n, ìgbà kan náà ni wọ́n dáyé. Kí wọ́n tó wúlò, wọ́n gbọ́dọ̀ wọ okùn fáíbà tí ojú ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 5 µm lọ. Irun orí nípọn jù ú lọ fíìfíì. Ọwọ́ la fi ń yí dígí tó ń darí ìmọ́lẹ̀ sínú fáíbà láràárọ̀ títí ẹ̀yìn á fi máa roni. Mo wá ní kí kọ̀ǹpútà máa yí i: mọ́tò kéékèèké mẹ́rin tó ń yí dígí (kì í ṣe ọkọ̀ o), àti Bayesian optimisation, ọ̀nà ìṣirò tó ń fi ohun tó ti rí yan ibi tó kàn láti dán wò, kó wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù. Ọjọ́ méjì péré ni mo fi kọ kóòdù rẹ̀.

Ó ṣiṣẹ́! Nọ́ńbà ń gòkè, inú mi ń dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo iye ìgbà tí ẹ̀rọ méjèèjì tó ń ka fótóònù jọ rí wọn lẹ́ẹ̀kan náà, òfo ni. Ìmọ́lẹ̀ pọ̀, ìbejì kò sí.

Mo pààrọ̀ fílítà tó ń yan ìmọ́lẹ̀ tó lè kọjá. Mo nu kírísítà. Mo tún kóòdù kọ lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀gá mi ní kí n kúkú padà sí fífi ọwọ́ yí i, ọ̀rọ̀ náà dùn mí dọ́kàn. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo pa lésà, mo pa gbogbo iná, nọ́ńbà kò wálẹ̀. Ara mi bù máṣọ. Mo gbé kámẹ́rà iwájú fóònù mi sún mọ́ mọ́tò, mo sì rí i: ìmọ́lẹ̀ kékeré kan, funfun tó ní àlùkò díẹ̀ lára, ń yọ láti àlàfo tín-ín-rín. Infrared, ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò lè rí, ni mọ́tò fi ń mọ ibi tó dé! Fótóònù tiwa náà infrared ni, torí náà fílítà jẹ́ kó kọjá. Ìwé tó bá mọ́tò wá kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Téèpù dúdú ni mo fi dí i. Iye ìbejì tó dé láàárín 3 ns (ìdá mẹ́ta nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá) síra wọn ni kọ̀ǹpútà ń wá báyìí, lẹ́yìn tí mo bá ti yọ àwọn tó kàn ṣèèṣì pàdé. Ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ yí i títí ìbejì díẹ̀ á fi yọjú. Níbi tí kò bá ti sí rárá, kọ̀ǹpútà kò ní mọ ọ̀nà. Kí ẹ sì tó kọ kóòdù kankan, ẹ pa lésà, kí ẹ wo ohun tí ẹ̀rọ ń rí nínú òkùnkùn.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo ṣe ìdánwò tí àwọn onímọ̀ físíìsì Hong, Ou àti Mandel gbé jáde ní 1987. Ìbejì pàdé lójú dígí tó ń pín ìmọ́lẹ̀ sí méjì, wọ́n sì jọ gba ẹnu ọ̀nà kan náà jáde.