Bí A Ṣe Ń Fọ Fíìmù Aláwọ̀ Àtijọ́ Ní Dúdú-Òun-Funfun

Kí ẹ tó po kẹ́míkà kankan, ẹ kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n kọ sára agolo fíìmù náà. Bí ẹ bá rí C-22, orúkọ ìlànà tí wọ́n fi ń fọ fíìmù aláwọ̀ láyé àtijọ́, bí irú Kodacolor-X tí a bá nínú àpótí ìyá bàbá mi ní Ìtòkú, ẹ mọ̀ pé kẹ́míkà tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ ti kásẹ̀ nílẹ̀. C-41 tó dé lọ́dún 1972 ló gba ipò rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbé fíìmù C-22 lọ fún ẹni tó ń fọ C-41, nítorí pé omi C-41 máa ń gbóná tó nǹkan bíi 38°C, bẹ́ẹ̀ 24°C ni wọ́n ṣe fíìmù àtijọ́ yìí fún. Ara rẹ̀ yóò rọ̀, yóò sì bó. Bó bá jẹ́ Kodachrome, irú fíìmù aláwọ̀ mìíràn, ni, ilé iṣẹ́ tó fọ̀ ọ́ gbẹ̀yìn, ní Kansas lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà, ti ṣíwọ́ gbígbà á láti ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 2010.

Àwọ̀ ni a kò ní rí mọ́. Ojú ènìyàn ṣì lè wà níbẹ̀. Iyọ̀ fàdákà ni ìmọ́lẹ̀ ń bà nínú fíìmù. Developer ni kẹ́míkà tó ń mú àwòrán yọ. Developer aláwọ̀ ló ń mú kí àwọ̀ yọ níbi tí fàdákà bá ti yọ, kí kẹ́míkà mìíràn tó wá ṣan fàdákà náà dànù. Developer dúdú-òun-funfun kì í mú àwọ̀ jáde. Fàdákà nìkan ló ń fi sílẹ̀, òun ni yóò sì di nẹ́gẹ́tíìfù wa.

Developer dúdú-òun-funfun tí wọ́n ń pè ní HC-110 ni mo yàn, nítorí pé kì í jẹ́ kí ìkùukùu tí ọjọ́ orí àti ooru ti kó bá fíìmù bo àwòrán mọ́lẹ̀ jù. Ẹ po ìwọ̀n kan mọ́ ìwọ̀n omi 31: fún táǹkì (ike tí ìmọ́lẹ̀ kì í wọ̀, tí a ń fọ fíìmù nínú rẹ̀) tó gba 500 ml, nǹkan bíi 16 ml ni. Mo tún máa ń fi 5 ml omi benzotriazole 1% sí i, kí ìkùukùu náà lè dín kù sí i.

Ooru ni ọ̀tá iṣẹ́ yìí ní Abẹ́òkúta. Nínú oṣù Kẹta, lọ́sàn-án gangan, mo bu omi ẹ̀rọ sí táǹkì láìfi tẹmọ́mítà wò ó. Nígbà tí mo ṣí i, ara fíìmù ìyá bàbá mi ti hunjọ bí orí ìka ẹni tó fọ aṣọ láti àárọ̀, etí rẹ̀ sì ti ń bó. Nínú àwòrán 12, mẹ́ta péré ló ṣẹ́ kù, ó sì ń dùn mí di òní. Òru ni mo ń ṣe é báyìí. Mo máa ń gbé ìgò developer, ti fixer (kẹ́míkà tó ń yọ iyọ̀ fàdákà tó ṣẹ́ kù kúrò) àti ike omi fífọ̀ sínú abọ́ ńlá tí mo da yìnyín sí, títí gbogbo wọn yóò fi wá sí 20°C. Ẹ má ju yìnyín sínú kẹ́míkà fúnra rẹ̀, agbára rẹ̀ yóò dín kù.

Inú òkùnkùn biribiri ni kí ẹ ti ki fíìmù sínú táǹkì, láìsí iná pupa, láìsí fóònù, nítorí pé fíìmù aláwọ̀ ń rí iná pupa. Ẹ kọ́kọ́ gé nǹkan bíi 10 cm, kí ẹ fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 7. Bí nọ́ńbà etí rẹ̀ bá hàn ketekete, ẹ fọ ìyókù bẹ́ẹ̀. Bí kò bá hàn dáadáa, ẹ fi ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kún un. Ẹ máa yí táǹkì fún ìṣẹ́jú àáyá 5 ní gbogbo ààbọ̀ ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà, ẹ fi omi lásán ṣàn án, kí ẹ wá da fixer sí i fún ìlọ́po méjì àsìkò tí ègé ìdánwò fi mọ́ kedere nínú fixer.

Ẹni tó ń pọn omi kò ní láti ṣí ẹ̀rọ sílẹ̀ fún wákàtí kan. Ìlànà Ilford, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe fíìmù, ni pé kí a rọ omi kún táǹkì, kí a dà á dé lẹ́ẹ̀marùn-ún, kí a dà á nù. Omi mìíràn, lẹ́ẹ̀mẹwàá. Omi kẹta, ìgbà ogún. Píọ̀ wọ́tà tó tutù dọ́gba pẹ̀lú ìyókù ni mo fi ń ṣe omi ìkẹyìn. Lásìkò ọyẹ́, ẹ wọ́n omi sílẹ̀ balùwẹ̀ kí ẹ tó so fíìmù rọ̀ síbẹ̀, kí eruku má bà lé e.

Nẹ́gẹ́tíìfù náà yóò pọ́n bí omi ọsàn. Ẹ má bẹ̀rù. Ẹ fi kámẹ́rà yà á lórí iná funfun, kí ẹ yí i padà lórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì lo ìpele pupa (red channel) nìkan, nítorí ibẹ̀ ni àwọ̀ ọsàn yìí kì í ti í dí àwòrán lójú. Bí mo ṣe rí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yẹn nìyẹn: ìyá bàbá mi lórí àpótí ìjókòó, tí mo lè ka ìlà àdìrẹ ìró rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan.