Bí mo ṣe gba BVN fún màmá mi tó ń yan gàrí

Ẹ̀gbọ́n mi fi owó ẹ̀gẹ́ ránṣẹ́ sí màmá wa láti Èkó. Owó wọlé, kò ṣe é gbà jáde. Báńkì ní àkáǹtì wọn kò ní BVN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí báńkì ń fi ìka àti ojú èèyàn ṣe, wọ́n ti dí i. NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, wà nílẹ̀. BVN ni kò sí. Kí n tó yanjú ẹ̀, wọ́n ti ta ẹ̀gẹ́ náà fún ẹlòmíì, owó márúwá láti ilé dé báńkì ní Takie, ní Ògbómọ̀ṣọ́, sì ti sọ mí di ẹdun arinlẹ̀.

Fọ́ọ̀mù ò le, ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀. Ìka lọ̀rọ̀ wà.

Gíláàsì kékeré kan báyìí ni wọ́n ń gbé ìka lé, iná á tàn lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀rọ á ka ìlà ara ìka. Màmá mi ti ń bó ẹ̀gẹ́ kí wọ́n tó bí mi. Àtàǹpàkò wọn ń dán bí ìdí ìkòkò tí wọ́n fi yanrìn ha. Wọ́n gbé e lé e, kọ̀ǹpútà ní kò rí nǹkan kan. Wọ́n tún un gbé, ó ní kò rí i. Ọmọkùnrin tó jókòó sídìí ẹ̀ ń pòṣé: “Màmá, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa!” Màmá mi tẹ̀ ẹ́ títí èékánná wọn fi funfun. “Ọmọ mi, ṣé kí n gé e fún ọ ni?” Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Inú ń bí mi ní tèmi. Ó ní ká máa lọ, ká padà wá tí ọwọ́ bá ti dáa. Ọwọ́ tó fi gàrí rán mi níléèwé ni kò dáa!

Níta, oníkàfé kan ní òun á bá wa ṣe é ní ₦10,000. BVN tó jẹ́ ọ̀fẹ́!

Mo ní kí màmá mi sinmi ẹ̀gẹ́ bíbó díẹ̀, kí wọ́n máa fi òrí pa ọwọ́ lálaalẹ́. Abẹ́ awọ ni ìlà ìka ti ń hù. Tí iṣẹ́ bá dẹwọ́, á tún yọ. Nígbà tí a padà lọ, obìnrin ló wà nídìí ẹ̀rọ. Ó nu òógùn àwọn tó ti lọ kúrò lára gíláàsì, ó ní kí màmá fi ìka nu iwájú orí wọn, kí ó lọ́ràá díẹ̀, kí wọ́n rọra gbé e lé e. Ó wọlé! Àṣé títẹ̀ tí ọmọkùnrin yẹn ń pariwo lé lórí ló ń tẹ ìlà pẹlẹbẹ.

Ti ojú kò pẹ́. Fóònù ní kí wọ́n ṣẹ́jú, kí wọ́n yíjú, kó lè mọ̀ pé kì í ṣe fọ́tò. Mo gbé wọn jókòó kọjú sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó parí.

Ká ní mo ti mọ̀ ni, ìbéèrè kan ni mi ò bá kọ́kọ́ bi ọmọkùnrin yẹn: ẹni tí wọ́n ti gé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ńkọ́? Ó ń gba BVN, ojú rẹ̀ ni wọ́n ń yà. Ẹ bi wọ́n bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó lé ìyá yín sílé. Tí wọ́n bá ní àwọn ò mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ ní kí wọ́n pe ọ̀gá wọn.